Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọmọ Mi

Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò lè fẹsẹ̀ kan Ọjà Ọba kí ènìyàn mẹ́ta má dá mi dúró. Ọ̀kan á ní, ṣé lóòótọ́ ni pé òtútù ibẹ̀ máa ń wọ eegun. Èkejì á ní, ṣé wọ́n ń jẹ ata. Ẹ̀kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ ará ìjọ wa, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Dókítà wa ńkọ́?" Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ kò ni mí lára. Nítorí ẹ̀kẹta yìí ni mo ṣe mú bírò.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Iléṣà ni mí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti inú ìkókó. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Òṣogbo, Ọ̀fàtẹ̀dó ni mo sì kọ́lé sí. Ìyàwó mi kú nígbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo, Wùmí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí ọmọ náà parí ìwé mẹ́wàá, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan tí ìjọ àwọn òyìnbó kan dá sílẹ̀ láàárín oko àgbàdo ní Amẹ́ríkà gbà á wọlé, wọ́n sì ní àwọn á tọ́jú rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kì í ṣe irọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi nìyẹn.

Ní ọdún kẹrin, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó jáde, ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé pè mí. Bí mo ṣe di ẹni tó wọ bàálù lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fo ti bàálù. Ojú mi ni mo dì títí a fi balẹ̀.

Níbi tí mo sọ̀kalẹ̀

Wùmí ló wá pàdé mi. Ó wọ ṣòkòtò, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò tètè dá a mọ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń sáré bọ̀, ó dúró lójijì bí ẹni tó rántí nǹkan, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán náà láàárín gbogbo èrò. Ọkùnrin òyìnbó kan sáré wá, ó rò pé ó ṣubú ni, ó fẹ́ gbé e dìde. Wùmí ní kó má ṣe ìyọnu, pé bàbá òun ni òun ń kí. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo èmi náà, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Bóyá òun náà kò mọ ìdí tí ó fi ṣí i.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ìwọ lo ga tó báyìí?" Gbogbo ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

A wọ ọkọ̀ tí ó tọrọ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí a gbà kọjá tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan bíi tiwa ní Ìjẹ̀ṣà. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù wà lọ́tùn-ún, òun náà ló wà lósì. Mo bi í pé àwọn wo ló ń gbé ilẹ̀ yìí.

Ó ní, "Àgbàdo, bàbá mi."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi ṣì ni.

Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo wá géètì rẹ̀ títí, n kò rí i. Kò sí ògiri, kò sí ọlọ́dẹ. Ilé bíríkì pupa bíi mẹ́wàá ló wà lábẹ́ àwọn igi ńlá, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ní agogo. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò lè kún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ ìkórè. Wọ́n dùbúlẹ̀ káàkiri lórí koríko, ìwé wà níwájú wọn, ẹsẹ̀ wọn wà ní ìhòòhò. Mo kọ́kọ́ rò pé ara wọn kò yá ni.

Ìwà wọn

Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ ọ́n kí. Ẹni tó bá pàdé rẹ á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró gbọ́ èsì. Ní ọjọ́ kejì mi níbẹ̀, ọmọbìnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì dúró láti ṣàlàyé pé orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀ láti inú bàálù. Kí n tó débi orúnkún, ó ti ń wọ ilé ìkàwé lọ. Ó gbọ́ pé ohùn mi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó padà, ojú tì í. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti orúnkún náà fún mi." Mo sọ ọ́. Mo tún sọ ti rélùwéè mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kó ti rí mi, á dúró.

Oúnjẹ wọn pọ̀, kò sì ní ata. Wọ́n á kó ewé tútù sínú abọ́, wọn kò sè é, wọn kò bọ̀ ọ́, wọ́n á da òróró lé e, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ. Mo jẹ ẹ́ nítorí ojú ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ni mo ti rí kó jẹun bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹta, Wùmí wọ ilé ìdáná ibùgbé wọn, ó fi ìyẹ̀fun pòtétò ro nǹkan kan, ó pè é ní iyán. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ̀ pé kì í ṣe iyán. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ní kó tún bù sí i.

Ìdánwò wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Olùkọ́ pín ìwé ìbéèrè, ó kí wọn pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú wọn, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró ní fàráńdà, mò ń retí ẹni tí yóò wá ṣọ́ wọn. Kò sí ẹni tó wá. Mo bi olùkọ́ náà pé ta ló ń ṣọ́ wọn.

Ó ní, "Àwọn fúnra wọn."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn kan ń wo àjà, àwọn kan ń kọ̀wé, kò sí ẹni tó wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, mo mọ ohun tí ènìyàn máa ń ṣe tí kò bá sí ẹni tó ń wò ó. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Ní òwúrọ̀, wọ́n máa ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá wù ú á lọ. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dìde láàárín ìsìn, ó ní òun kò mọ̀ mọ́ bóyá òun gba Ọlọ́run gbọ́. Mo ń retí pé wọ́n á ní kó jáde. Wọ́n kọ orin fún un ni. Ó jókòó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà á kọ́ nípa ìràwọ̀ láàárọ̀, á kọ́ èdè Gíríìkì lọ́sàn-án, á sì kọ́ orin nírọ̀lẹ́. Mo bi ọmọkùnrin kan pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń kọ́.

Ó ronú díẹ̀. "N kò tíì mọ̀, sà. Ọdún kẹta mi nìyí."

Mo káàánú bàbá rẹ̀. N kò mọ̀ pé ara mi ni mò ń káàánú.

Lórí tábìlì oúnjẹ

Olùkọ́ tó yá Wùmí ní ọkọ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Hẹ́lẹ́nì lásán ni àwọn ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Màmá Hẹ́lẹ́nì, ó sì dà bíi pé ó dùn mọ́ ọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá jókòó tì wá ní gbọ̀ngàn ìjẹun.

Ó ní, "Bàbá, inú wa dùn sí ọmọ yín. Ó pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ irú ìwé ìtàn tí ó kọ fún mi yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ó yàn yìí yóò bá a mu gan-an."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ṣi ọmọ mú ni. Mo ní, "Dókítà ló ń kọ́."

Mo yíjú sí Wùmí. Ó ti gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo abọ́.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká délé kí n ṣàlàyé."

N kò jẹ́ kó ṣàlàyé. Mo dìde, mo lọ sí yàrá tí wọ́n fún mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ tí n kò ti ní ẹlòmíràn. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, á kanlẹ̀kùn, á kúnlẹ̀, á gbé abọ́ ìrẹsì aláta sórí tábìlì, á sì jáde. Mo jẹ oúnjẹ náà. Ẹni tó bá ní ìbínú ò jẹ́ kí òun jẹun, ebi ò tíì pa á ni. Ṣùgbọ́n n kò dúpẹ́. Ojú àwọn ènìyàn ìjọ ni mò ń rí. Mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń dáhùn tí wọ́n bá ní, "Dókítà wa ńkọ́?"

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Hẹ́lẹ́nì wá. Kò wọlé títí mo fi ní kó wọlé.

Ó ní, "Mo sọ ohun tí kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo wá tọrọ àforíjì."

Mo ní kò sí láburú. Mo wá bi í ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an ni ẹ kọ́ ọmọ mi fún odidi ọdún mẹ́rin?"

Ó ní, "A kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan. A kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń wo nǹkan títí yóò fi rí i."

"Nílùú wa, ẹni tó bá kàn ń wo nǹkan, ebi ni yóò pa á."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọ̀la ni Sátidé. Ẹ bá a lọ síbi tó máa ń lọ. Bí ẹ bá dé, kí ẹ wá bínú sí mi."

Bàbá Kálì

Ilé àwọn arúgbó ni Wùmí mú mi lọ, ilé kan tí ìjọ wọn ń bójú tó ní abúlé tó wà nísàlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ká mi lára pé àwọn tó ní ọmọ, tí wọ́n ní ọmọ-ọmọ, ń dá jókòó sójú fèrèsé báyìí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń pe oníkálukú ní orúkọ rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń dúró de ọmọ mi. Kálì lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ tó fi bọ̀ mí lọ́wọ́ le koko bí ẹ̀yìn ọkọ́. Wùmí sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin yìí kò mọ̀wé rí láyé rẹ̀, ó sì fi pamọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá a kàwé, tí ó ń bá a kọ̀wé, tí kò sì sọ ọ́ síta. Nígbà tí ìyàwó kú, ó di ẹni tí kò lè ka nǹkan kan nínú ilé ara rẹ̀. Ọdún méjì nìyí tí Wùmí ti ń kọ́ ọ, ní gbogbo Sátidé.

Lọ́jọ́ náà, ó mú ìwé kan jáde láti inú àpò àyà rẹ̀. Lẹ́tà ni. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́ sí i nígbà tí ó wà lójú ogun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Ó ní sójà ẹgbẹ́ òun kan ló kà á fún òun nígbà náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú sì ti òun láti ní kó tún un kà.

Ó gbé ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Màlúù ti bí ìbejì. Ikọ́ bàbá ti lọ sílẹ̀. Mo ti kun ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan tó gùn, ó dúró. Èmi ti rí ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí mo jókòó sí, mo sì ya ẹnu láti bá a pè é. Wùmí gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. A dúró. Ó pẹ́ débi pé mo gbọ́ aago tó ń rìn lára ògiri. Bàbá náà pè é ní díẹ̀ díẹ̀, ó tún un pè, ó mú un. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí obìnrin náà ti sọ pé òun máa ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nídìí tábìlì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló ń jẹun.

Ó ká lẹ́tà náà. Ó wo ojú fèrèsé.

Ó ní, "Ohùn rẹ̀ gan-an nìyẹn."

Lójú ọ̀nà

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà, láàárín oko àgbàdo. Nígbà tó yá, ó ní:

"Bàbá mi, mo kọ́ màmá mi náà."

"O kọ́ ọ ní kí ni?"

"Ìwé kíkà. Tí ẹ bá ti lọ sí sítéṣọ̀n, ẹ̀yìnkùlé la máa ń jókòó sí, lórí àpótí. Wọ́n ti lè kọ orúkọ wọn. Tí a bá ń lọ sọ́jà, wọ́n ti ń ka ohun tó wà lára ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá lè ka ìwé ìròyìn geere, ẹ kàn máa gbọ́ tí àwọn ń kà á lẹ́yìn yín ni. Ìgbà yẹn ni àìsàn dé."

Mo jókòó sórí koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ọkọ obìnrin náà, kò sí lẹ́tà tó wọlé wa tí kì í ṣe èmi ni mo kà á. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Bóyá ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ fún un pé, jókòó, jẹ́ kí n fi hàn ọ́. Mo sunkún níbẹ̀ bí n kò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín. Wùmí jókòó tì mí, kò ní kí n dákẹ́.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé o ti fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀?"

"Ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo sì mọ̀ pé ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ. Mo rò pé nítorí àìsàn tó pa màmá mi ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ dókítà. Mo ṣe é fún ọdún méjì, mi ò sì fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó ti Bàbá Kálì ní Sátidé, ọkàn mi kì í lọ síbòmíràn."

"Ó dára. Dúró síbí, kí o máa ṣe tíṣà níbí."

"Ilé ni mò ń bọ̀, bàbá mi. Mo ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì ti fèsì."

Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Wùmí, àwọn tó wà nílé ń wá ọ̀nà àtijáde, ìwọ ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀ gan-an ń sá lọ."

"Mo mọ̀, bàbá mi. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ni kò lè sá."

A dìde, a gbọn koríko kúrò lára, a ń lọ.

Àdúrà

Ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, Màmá Hẹ́lẹ́nì se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti àwọn òbí wọn nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ó ní kí n gbàdúrà sí oúnjẹ, kí n sì gbà á ní èdè mi. Gbogbo wọn tẹrí ba. Mo dúpẹ́ fún ewé tútù, mo dúpẹ́ fún ilé tí kò ní géètì. Mo dúpẹ́ fún ìyá ọmọ mi, mo pè é ní orúkọ. Mo wá ní kí Olúwa ṣọ́ tíṣà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, kí ó má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́, kí ó má jẹ́ kí àwọn ọmọ tí yóò kọ́ pòfo.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é ní tíṣà nìyẹn. Òun nìkan ló gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ń sunkún, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn yòókù rò pé bí a ṣe ń gbàdúrà nílùú wa nìyẹn, wọ́n fara balẹ̀ dúró títí ó fi tán.

Nílé

Èmi ni mo kọ́kọ́ padà, òun dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin ará ìjọ mi, òótọ́ tí n kò lè sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìyí: kò sí dókítà. Ẹ má bínú sí ọmọ náà. Èmi ni mo kéde, èmi ló yẹ kí n tún un kéde.

Ní ọjọ́ tí yóò wọṣẹ́, mo bá a lọ sí Ìpetu. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ àti páálí ìwé mẹ́rin sínú yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́. Ó mú mi lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n kí wa, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wùmí kí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè orúkọ. Ìgbà tí mo rí i pé kò rántí pé mo wà níbẹ̀ mọ́, mo yọ́ jáde.

Mo wọ takisí padà sí Òṣogbo. Bàbá kan jókòó tì mí, ó tó ẹgbẹ́ mi. A kíra, ó sì bi mí pé kí ni mo wá ṣe ní Ìpetu.

Mo ní, "Mo mú ọmọ mi wá síbi iṣẹ́. Amẹ́ríkà ló ti dé."

Ojú rẹ̀ là. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Tíṣà ni."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á ṣe é."

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú oríire ni wọ́n ń kí mi."

Ó yíjú wò mí, bóyá mò ń ṣeré. Ó rí i pé n kò ṣeré.

Ó ní, "Ẹ kú oríire."

Mo ní, "Àmín. Tiyín náà á dé."